Èwo Ló Le Jù Nínú Àwọn Ọmọ Kòrónà

Ẹ sún mọ́ ibí, ṣùgbọ́n ẹ má fún ara yín pọ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá. Ìwọ Àkànjí tí o fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yẹn, dìde níbẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn náà nítorí ohun kan, ẹ ó sì mọ ohun náà kí n tó dákẹ́.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́ ní gbangba, kí gbogbo yín gbọ́ ìdí tí mo fi ba ọdún ọdẹ jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ó dáa. Ọdẹ́sànmí ni mí, ọdẹ ìlú Ìdí-Arère. Èmi àti ẹfọ̀n ti wojú ara wa rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti wọ igbó tí àwọn tó ń fọ́nnu láàárín yín kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá nìkan wà. Ìwé tí mo kà kò kọjá sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́, etí mi kò sì di. Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, kó rọra jókòó síbi tó wà, kó má gbà á gbọ́ ní jẹ́jẹ́.

Ẹ mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kòrónà wọ ayé, ó sì ń bímọ. Àwọn orí rédíò ní orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwa níhìn-ín, bí wọ́n ṣe ń dé la ṣe ń pè wọ́n: Àkọ́bí, Èkejì, Àbíkẹ́yìn. Àkọ́bí gba ìlú wa kọjá bí ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà. Àwọn díẹ̀ wúkọ́, bàbá arúgbó kan kú nísàlẹ̀ odò, ìyókù ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí Èkejì dé, ẹ ní kò le, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò le. Ẹ kó ara yín jọ sínú gbọ̀ngàn láti jẹ oyè. Ìyàwó mi Àwẹ̀ró wà lára àwọn tó se oúnjẹ. Nígbà tó padà wálé, ó ṣí ìkòkò irú, ó ní òun kò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Kò lè dùbúlẹ̀. Ó ń jókòó ti fèrèsé, mo sì ń di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, títí ó fi dákẹ́. N kò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi, Ọdẹ́bùnmi. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì mọ̀ pé ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré. Nígbà tí rédíò sọ pé Àbíkẹ́yìn ti wọ àwọn ìlú òdìkejì odò, ọdún ọdẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ sì ti fi Ọdẹ́bùnmi rọ́pò ìyá rẹ̀. Òun ni yóò máa bu oúnjẹ fún gbogbo ìlú nínú gbọ̀ngàn kan náà, tí fèrèsé rẹ̀ kéré bí ihò ẹyẹlé. Ohun tó gbé mi lọ sí ìpàdé ojúde Baálẹ̀ nìyẹn.

Baálẹ̀ Láníhún kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Àbíkẹ́yìn yìí kò le. Àwọn ará òdìkejì odò kàn fọn ikun ni. Inú gbọ̀ngàn la ó ti ṣe ọdún wa."

Mo ní, "Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Irú àwọn wo ló mú lódìkejì odò?"

"Èèyàn ló mú. Àbí ewúrẹ́ lo rò pé ó mú ni?"

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Àkànjí, ẹ̀rín tìrẹ ló pẹ́ jù.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Olúọdẹ Ògúngbénró fẹ́ fi oró ọfà ọdún han Baálẹ̀. Àwọn ọmọdé tó wà níbí lè má mọ̀ ọ́n. Bí ọdún ọdẹ bá kù díẹ̀, Olúọdẹ a se oró tuntun, a fi ẹnu ọfà ha itan adìẹ lójú gbogbo ènìyàn, kí á lè fi bí adìẹ náà bá ṣe ṣe mọ̀ bóyá oró ọdún yìí le ju ti èṣí lọ. Olúọdẹ gbé adìẹ òpìpì kan jáde. Adìẹ náà ti fara gba oró èṣí, ó ṣubú, ó dìde, ẹ sì sọ ọ́ ní Ikúkọ̀yí. Mo bi Olúọdẹ pé kí ló dé tí kò mú adìẹ mìíràn. Ó ní adìẹ ti wọ́n, àti pé èyí ti mọ iṣẹ́.

Ó ha á nítan. Ikúkọ̀yí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀, ó gbọn ara, ó ń ṣa àgbàdo jẹ.

"Ẹ rí i?" Olúọdẹ wí. "Ti èṣí le. Ti ọdún yìí rọ̀." Ó yíjú sí mi. "Bẹ́ẹ̀ náà ni Àbíkẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ le, òun rọ̀. Ọdẹ́sànmí, láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti lọ, bí ewé bá já lórí igi báyìí, wàá ní ẹkùn ló ń bọ̀."

"Mo kàn ń bèèrè ni," mo wí. "Ara ta ni ẹ ti wò ó kí ẹ tó mọ̀ pé ó rọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bí Baálẹ̀ nínú. Ó ní, "Lọ bi wọ́n nílé wọn nígbà náà! Lọ wádìí èyí tó le jù nínú àwọn ọmọ Kòrónà. Bí o bá tètè dé, a ó gbọ́ tẹnu rẹ. Bí o kò bá dé, a ó ṣe ọdún wa."

Mo délé, mo gbé ìbọn, mo ki etu sí i. Ọdẹ́bùnmi jáde wá láti ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá mi, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "Mò ń lọ bèèrè ọ̀rọ̀. Má ṣe dé gbọ̀ngàn yẹn kí n tó padà."

Igbó tí mo forí lé ni Igbó Èémí, lẹ́yìn òkè tí ẹnikẹ́ni kì í dáko sí. Àwọn igi ibẹ̀ ń mí. Bí ẹ bá fọwọ́ lé èèpo wọn, ẹ ó rí i tó ń wú, tó ń fà sẹ́yìn bí àyà ọmọ tó ń sùn. Àwọn kan láàárín wọn ń wúkọ́, bí wọ́n bá sì wúkọ́, ewé wọn á ya dànù bí òjò. Igi kan wúkọ́ sí mi lójú. Mo fi aṣọ bo imú, mo sọ fún un pé ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ kò dára, mo kọjá. Ẹ̀yin ìbá ti sáré padà wálé láti lọ sọ pé ẹ bá igbó jà.

Nígbà tí mo la igbó náà já, mo kan odi gíga kan. Iwin kan dúró lẹ́nu ibodè, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, imú mẹ́ta ló sì wà lójú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ọdẹ ni."

"Ọdẹ pọ̀ níta. Gbọ́ àlọ́ mi. Àlejò kan wọ ilé méjì. Nílé àkọ́kọ́, ó jókòó, ó mumi, ó lọ. Nílé kejì, ó wó ògiri, ó sì pa ẹni tó wà níbẹ̀. Kí ló fa ìyàtọ̀, àlejò ni àbí ilé?"

Mo rántí Àwẹ̀ró lẹ́bàá fèrèsé. Mo ní, "Àlejò ni!"

Iwin náà fa èémí sínú, ó sì fẹ́ ẹ jáde. Mo fò bí èèpo ẹ̀pà. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ wọ igbó ni mo balẹ̀ sí, ìbọn mi sì wà lórí ẹ̀yìn mi. Mo tún la igbó náà já. Àwọn igi ń wúkọ́, mo ń gbọn ewé kúrò lórí. Ó tún pa àlọ́ náà, mo ní, "Ilé ni." Ó tún fẹ́ mi dànù. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀wù ọdẹ mi ti ya, ẹsẹ̀ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì ti bínú dé góńgó.

"Kí ló fa ìyàtọ̀, àlejò ni àbí ilé?"

"N kò mọ̀!" mo pariwo. "Ṣílẹ̀kùn kí n wọlé lọ wò ó, tàbí kí o pa mí síbí kí á sinmi!"

Iwin náà fi ọwọ́ dí imú méjì, ó fi ìkẹta rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ni mo máa ń fẹ́ dànù." Ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ìlú Òṣùwọ̀n ni ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà. Ilé ibẹ̀ kò ju àgò ọparun mímọ́ tónítóní lọ, ẹranko kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n láti mọ ẹni tó ń sanra àti ẹni tó ń rù. Obìnrin gíga kan ló ni ìlú náà. Ó fi aṣọ funfun bo imú àti ẹnu, ó sì ti fọ ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi tín-ín-rín bí ìwé. Ìyá Ọlọ́ṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn akèrègbè tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu wà. Nínú wọn ni àwọn ọmọ Kòrónà ń gbé.

"Ẹ kú ilé, ìyá."

"Kú ìrìn. Dúró níbẹ̀ yẹn, má sún mọ́ mi. Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ mọ èyí tó le jù nínú wọn."

"Le sí ta ni?"

"Sí ènìyàn."

"Kò sí ènìyàn lọ́dọ̀ mi. Bi àwọn tó wà níhìn-ín."

Mo lọ bá eku ilé lẹ́nu àgò rẹ̀. Ó ń fẹjú, ó ń gbéra ga. Ó ní, "Àkọ́bí? Ó wá sílẹ̀kùn mi, ó kan ilẹ̀kùn títí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

"Nítorí náà Àkọ́bí ló rọ̀ jù?"

"Fún èmi ni. Ṣé èmi ni ìwọ ni?"

Mo lọ bá ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní gbogbo wọn ló mú òun, òun wúkọ́ díẹ̀, ara òun gbóná díẹ̀, ara òun sì yá. "Bákan náà ni gbogbo wọn," ó wí, ó yíjú sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Ẹ rí i? Mo bèèrè ìbéèrè kan, àwọn méjì dá mi lóhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo wá lọ bá ẹranko kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí nínú igbó wa. Ó jọ òkété, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ kúrú bí ìka ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú bí ẹni tó fi ẹ̀pà pamọ́ sẹ́nu. Irú wọn pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo ẹranko yòókù lọ. Mo pè é ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, kò sì bá mi jà.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ní, "Àkọ́bí mú mi rù títí egungun mi fi yọ, ó sì sọ ẹ̀dọ̀fóró mi di líle bí ẹ̀dọ̀. Èyí tó wà ní àgò kejì yẹn, Èkejì ló mú òun. Wò ó." Mo wò ó. Ó ká kò sí igun, ìhà rẹ̀ ń sọ kúlúkúlú. Mo mọ irú mímí yẹn. Mo gbé ojú kúrò kíákíá. "Àwọn tí Àbíkẹ́yìn mú kò fi bẹ́ẹ̀ rù. Inú imú àti ọ̀fun ló pọ̀ sí."

"Nítorí náà Àbíkẹ́yìn ló rọ̀ jù."

Ohùn kan dáhùn láti àgò ìsàlẹ̀, ó ní, "Fún àwọn ọmọdé wọ̀nyí!" Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mìíràn ni, arúgbó, irun rẹ̀ ti re. "Òun ló mú mi. Díẹ̀ ló kù kó gbé mi lọ."

Kí n tó ya ẹnu, òmíràn tí ara rẹ̀ ń dán ní àgò òkè ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbíkẹ́yìn? Ìgbà wo ló kọjá? N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wọlé."

Mo yíjú sí i. Mo bi í ní irú ìbéèrè tí ẹ̀yin fi mí rẹ́rìn-ín lójúde Baálẹ̀. Mo ní, "Ṣé Àkọ́bí ti mú ọ rí?"

"Ó ti mú mi tipẹ́," ó wí. "Ara mi ti mọ ìran wọn."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ìwọ ń pa wá kí o lè jẹ. Ìyá yìí ń pa wá kí ó lè mọ̀. Bí o bá délé, sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí tiwa má baà jẹ́ lásán."



Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣùwọ̀n. Ojú mi bọ́ sí akèrègbè àárín. Mo ní, "Èkejì ló wà nínú eléyìí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ìbọn sójú. N kò sọ pé mo ronú. Ẹni tó pa ìyàwó mi ló wà níbẹ̀, kò jìnnà ju bí mo ṣe jìnnà sí Àkànjí yìí lọ.

Ìyá náà kò mira. Ó ní, "Yìn ín. Bí akèrègbè bá fọ́, yóò jáde. Ìwọ ni yóò sì tẹ̀ lé délé."

Mo rántí Ọdẹ́bùnmi. Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe nínú igbó, kò sí èyí tó nira fún mi tó bẹ́ẹ̀.

"Jókòó," ó wí. "N óò sọ bí mo ṣe ń ṣe é fún ọ. N kì í fi wọ́n wé ara wọn nínú ara tó ti mọ ọ̀kan nínú wọn rí. Ara tuntun ni mo ń lò, tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ìwọ̀n kan náà ni mo ń fún gbogbo wọn, imú ni mo sì ń gbà fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Bí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀, lára Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, Èkejì ló le jù. Àkọ́bí tẹ̀ lé e. Àbíkẹ́yìn ló rọ̀ jù."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Nítorí náà kò ní pa ọmọ mi."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní ó rọ̀!"

"Mo ní ó rọ̀ ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. O gbọ́ tẹnu arúgbó yẹn. Ọmọ rẹ ńkọ́, báwo ni àyà rẹ̀ ṣe rí?"

"Ikọ́ fée ń ṣe é."

Ó ní, "Mo lè sọ ohun tí ara Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sọ fún mi. Ara ọmọ rẹ kì í ṣe ara Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́ inú ilé tí kò sí atẹ́gùn."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ nílé. Ó le, tàbí kò le."

"Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ mi," ó wí, ó sì dìde lọ fọ ọwọ́.

Bí mo ṣe padà nìyẹn. Mo ru ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́, mo ń bú igi, mo ń bú ara mi. Ìpàdé àṣekágbá ni mo bá yín lẹ́nu rẹ̀ lójúde Baálẹ̀.

"Ọdẹ́sànmí dé!" Baálẹ̀ pariwo. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní nínú ara tí kò mọ ọ̀kankan wọn rí, Èkejì ló le jù, Àkọ́bí tẹ̀ lé e, Àbíkẹ́yìn ló rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n..."

Àtẹ́wọ́ yín kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ó parí!" Baálẹ̀ wí. "Òun náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Inú gbọ̀ngàn ni!"

"Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Àwọn ará òdìkejì odò, gbogbo wa mọ̀ pé Èkejì ti mú wọn tẹ́lẹ̀. Ara wọn ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n láàárín wa ńkọ́? Àwọn arúgbó ńkọ́? Àwọn tí àyà wọn kò le ńkọ́?"

Ìwọ lo fèsì, Àkànjí. O ní, "Bàbá, 'ńkọ́' yín ti pọ̀ jù."

Mo wo gbogbo yín. Mo ti la Igbó Èémí já lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ti gbé ìbọn sílẹ̀ níwájú ẹni tó pa ìyàwó mi, n kò sì lè mú kí ogún ènìyàn dákẹ́ kí n fi parí gbólóhùn kan. Nígbà náà ni mo rí Ikúkọ̀yí. Ó ń tan ilẹ̀ lábẹ́ àga Baálẹ̀, ó ń wá kòkòrò.

Mo lọ síbi apó Olúọdẹ, mo fa ọfà kan yọ, oró ọdún náà sì wà lẹ́nu rẹ̀ dúdú. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Olúọdẹ, ẹ ní oró yìí rọ̀?"

"Ó rọ̀. Lójú gbogbo yín ni mo ti fi ha adìẹ."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ọwọ́ yín."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Ọdẹ́sànmí, kí lò ń ṣe?"

"Kò ní kọjá kí n fi ẹnu rẹ̀ ha yín díẹ̀. Adìẹ kò ju báyìí lọ, kò sì kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọkùnrin, ẹ na ọwọ́ yín."

Ó fa ọwọ́ méjèèjì sínú agbádá. Gbogbo ojúde dákẹ́. Ó wo ọfà, ó wo Ikúkọ̀yí, ó sì sọ ọ́ kí ó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ó ní, "Adìẹ yẹn ti mọ oró tẹ́lẹ̀."

Mo dá ọfà padà sínú apó, mo sì dìde.

Baálẹ̀ wúkọ́ díẹ̀ láti fi tún ọ̀fun ṣe. Ẹ rántí bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe sún kúrò. Ó ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, abẹ́ igi arère ni a ó ti ṣe ọdún.

Abẹ́ igi arère la ti ṣe é. Òjò rọ̀, ọbẹ̀ kún fún omi, aṣọ àwọn ìyàwó Baálẹ̀ bàjẹ́, ẹ sì ti bú mi láti ìgbà yẹn di òní. Àbíkẹ́yìn dé náà. Ó mú ẹni tó pọ̀. Ẹ fọn ikun, ẹ jẹ ata, ẹ dìde. Ìyá ẹlẹ́pà tó ń gbé nídìí kànga kú, ẹ ní ọjọ́ orí ló pa á. Ní àárọ̀ yìí ni Àkànjí wọlé mi, tó ní, "Bàbá, a kúkú sọ fún yín. Kò le. À bá ti ṣe ọdún wa sínú ilé."

Bí mo bá ní ẹ̀yin kan ìbá ti kú nínú gbọ̀ngàn, ẹ ó ní kí n dárúkọ wọn. Mi ò lè dárúkọ wọn. Wọ́n wà láàárín yín, wọ́n jókòó síbí, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo lè fi hàn yín kò ju ilẹ̀kùn tí mo tì yẹn lọ. Ọdẹ́bùnmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́ igi, nínú atẹ́gùn, ni ó ti bu oúnjẹ, síbẹ̀ Àbíkẹ́yìn rí i mú. Ó jókòó ti fèrèsé tí ìyá rẹ̀ jókòó tì, mo sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe di ti ìyá rẹ̀ mú. Ìhà rẹ̀ ń sọ kúlúkúlú. Mo ń ka èémí náà, mo sì ń ronú ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní inú gbọ̀ngàn yẹn ló ti kó o, níbi tí gbogbo ìlú ti ń mí sí i lójú. Lánàá ni ó tó lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo ṣí ìkòkò irú níwájú rẹ̀, ó yí imú padà, ó ní, "Bàbá mi, ẹ gbé e kúrò, ó ń rùn."

Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Ó ń sùn.